Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, àkísà àgbà ni kẹ́ ẹ béèrè

Mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyí, àyàfi ibi tí mo ti ń wúkọ́.

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń rí àgbà tó máa tọ́ ọ sọ́nà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí gbogbo yín ń pè ní mẹ́ntọ̀, mo sì kọ ojú ewé mẹ́sàn-án sílẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo jókòó kà á lánàá oorun gbé èmi tí mo kọ ọ́, ni mo bá ká a pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé wá síbí lónìí. Ẹ mọ òwe tó ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa àgbà la máa ń pa á jù, pàápàá tá a bá fẹ́ kí ọmọdé panu mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ yí i padà kẹ́ ẹ fi mú wa. Tẹ́ ẹ bá rí àgbà nídìí iṣẹ́ yín, ẹ má wulẹ̀ béèrè aṣọ ẹ̀, ẹ ní kó kó àkísà jáde.

Kí ni mò ń wí? Ọdún 27 rèé tí mo ti ń yẹ ìwé owó àwọn ilé-iṣẹ́ wò, ọ́dítọ̀ ni mí, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi kọrin rí. Kò sí oṣù kan tí ẹnì kan ò ní bi mí pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe débi tẹ́ ẹ dé yìí?" Mo sì ní ìdáhùn kan nílẹ̀ tí mo ti lọ̀ dáadáa, gbogbo ìlà ẹ̀ ló dúró. Mo kàwé, mo tẹra mọ́ṣẹ́, mo gba ìwé-ẹ̀rí, mo bá ọ̀gá rere pàdé, wọ́n gbé mi sókè. Kò sírọ́ níbẹ̀ o, àmọ́ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa wúlò fún yín lọ́la tẹ́ ẹ bá débi iṣẹ́. Ìdánwò tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì ò sí níbẹ̀, ọdún méjì tí mo fi jókòó sójú kan torí pé ẹ̀rù ọ̀gá kan ń bà mí ò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ lẹ́tà pé mò ń lọ tí mo tún fà á ya ò sí níbẹ̀. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́. Béèyàn bá ti ń sọ ìtàn ara ẹ̀ léraléra, ńṣe ni ìtàn ọ̀hún á máa tẹ́jú, àwọn kòtò inú ẹ̀ á máa dí fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ inú kòtò yẹn gan-an lẹ̀yin máa já sí.

Torí ẹ̀, ẹ yí ìbéèrè padà. Ẹ bi í pé kí ló bà jẹ́ jù lọ́dún márùn-ún àkọ́kọ́, ìgbà wo ló mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, ta ló kọ́kọ́ sọ fún. Tẹ́ ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, àgbà á dákẹ́ díẹ̀, á wojú yín, á rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ gidi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, kí n kó tèmi jáde, kẹ́ ẹ má baà ní mò ń sọ ohun tí mi ò lè ṣe.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n ṣàkójọ àwọn tó jẹ ilé-iṣẹ́ kan lówó, ilé-iṣẹ́ tá à ń yẹ ìwé ẹ̀ wò lọ́dún yẹn. Mo ṣí fáìlì méjì sórí kọ̀ǹpútà, ti ọdún yẹn àti ti ọdún tó ṣáájú, orúkọ fáìlì méjèèjì jọra, nọ́ńbà kan ló fi yàtọ̀. Inú èyí tí kò yẹ ni mo ti kó iye owó, ìlà 23, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń bójú tó owó lọ́dọ̀ wọn, mo bá tèmi lọ. Ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, mo ń fọ eyín, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi, ni orúkọ kan bá ṣàdédé sọ sí mi lọ́kàn. Oníbàárà kan wà nínú àkójọ yẹn tí mo fọwọ́ ara mi kọ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn pé ó ti kógbá sílé, mo sì wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jẹ gbèsè ńlá, pé owó ọ̀hún máa wọlé. Mo tutọ́ ọṣẹ, mo lọ ṣí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dákẹ́, mo ń gbàdúrà kí wọ́n má ṣí ojú ewé kẹfà, mò ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo ejò. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo tó wọlé lọ bá ọ̀gá mi. Obìnrin ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo wa la bẹ̀rù wọn. Wọ́n gbọ́ mi títí mo fi parí, wọ́n dìde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ní ó ti tán. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ní, "Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí ẹ, wọ́n rán mi lọ ka ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí kan. Àpótí tó wà níwájú ni mo ṣí. Mo ka tẹ̀yìn láti òkèèrè, mo buwọ́ lù ú. Òfìfo ni gbogbo tẹ̀yìn." Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n fa bébà kan yọ, wọ́n kọ ìlà mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tá a ti ṣe sí i, ìgbà tí tuntun máa dé. Mo ní ibo ni "ẹ má bínú" máa wà, wọ́n ní ìlà kẹrin ni, pé ẹni tí owó ẹ̀ wà lórí tábìlì fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá o ti rí iná náà kó o tó máa sunkún. Wọ́n wá gbé fóònù síwájú mi, wọ́n ní kí n fi ohùn síta. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, ohùn mi ń gbọ̀n, wọ́n jókòó síbẹ̀ wọn ò dá sí i rárá. Ọkùnrin tó wà lódì kejì dákẹ́ díẹ̀, ó ní "ìgbà wo ni tuntun máa dé?" Mo ní aago méjì. Ó ní ó dáa. Ó parí.

Ohun tí mo ń mú jẹ títí dòní ni pé wọn ò bá mi pe fóònù yẹn, wọn ò sì jáde nínú yàrá. Ká ní wọ́n bá mi pè é ni, èmi náà ì bá máa wá ẹni tó máa bá mi pe èyí tó kàn. Ká ní wọ́n jáde ni, bóyá ni mi ò ní purọ́. Àti pé ká ní wọn ò sọ ti àpótí yẹn fún mi ni, mi ò rò pé mo lè la ẹnu. Ìbínú ni mo múra sílẹ̀ dè, àkísà ni wọ́n nà sí mi.

Ẹ óò ní báwo lèèyàn ṣe ń dé ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí kò bá jẹ́ ọ̀gá ẹni. Mẹ́sééjì méjì wọlé sórí fóònù mi láìpẹ́ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ti ń gbọ́ nípa yín ọjọ́ ti pẹ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́ntọ̀ mi." Ó tán síbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ ẹrù tí wọ́n ní kí n gbé. Ṣé kí n máa pè é láràárọ̀ ni? Ṣé kí n bá a wáṣẹ́ ni? Ó dà bí kí ẹnì kan lù ẹ́ léjìká lójú títì kó ní jẹ́ ká máa ṣọ̀rẹ́, o ò kórìíra ẹ̀, o kàn ń wá ibi tó o máa gbà sá ni. Èkejì ní, "Ẹ káàsán sà. Ọdún kejì mi rèé nídìí ọ́dítì. Ojú ewé kan tí mo kọ ló wà nísàlẹ̀ yìí, mo ti yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò. Ọ̀gá mi dá a padà, wọ́n ní kò lágbára, wọn ò sọ ìdí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ìlà wo lẹ máa kọ́kọ́ pa rẹ́?" Mo ti fèsì kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ìlà kejì ni mo pa, mo sọ ìdí. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ó kọ̀wé padà pé òun tún un kọ, ọ̀gá òun gbà á, àmọ́ wọ́n ní kóun yọ ìlà kan tí èmi ní kó fi sílẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ọpẹ́ lọ, torí mo padà lọ wo ìlà náà, ọ̀gá ẹ̀ ló jàre. A ṣì ń kọ̀wé síra wa. Kò pè mí ní mẹ́ntọ̀ rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo tì í, kẹ́ ẹ sì padà wá sọ bó ṣe já sí. Ìpadàwá yẹn ni ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe, ẹ óò gba ìmọ̀ràn tán ẹ óò sọnù, ọdún méjì lẹ́yìn náà ẹ óò tún yọjú tẹ́ ẹ bá ń wáṣẹ́.

Ọgbọ́n yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan wà nílùú London tó ń jẹ́ Michael Faraday, iṣẹ́ ìwé dídì ló kọ́, ó fi ọdún méje kọ́ ọ, ó sì ń ka àwọn ìwé tí wọ́n ní kó dì. Ó kọ̀wé sí ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìgbà náà, Joseph Banks, pé kí wọ́n fún òun níṣẹ́ kankan nídìí sáyẹ́ǹsì, bó ti wù kó kéré tó. Wọn ò dá a lóhùn. Lọ́dún 1812 ẹnì kan tó máa ń wá síbi iṣẹ́ wọn fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì kó lọ gbọ́ àsọyé Humphry Davy, gbajúmọ̀ onímọ̀ kẹ́míkà. Faraday kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán àwọn irinṣẹ́, ó fọwọ́ ara ẹ̀ dì í ní ìwé bí ojú ewé 300, ó fi ránṣẹ́ sí Davy alára. Ẹ wò ó, nínú ẹrù kan yẹn, Davy rí i pé ọmọ yìí gbọ́ òun yé, pé ó lè ya nǹkan, pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Kò béèrè CV. Ní January 1813 wọ́n pàdé.

Ṣé ẹ mọ ìmọ̀ràn tí àgbà fún un? Ó ní kó máa bá ìwé dídì ẹ̀ lọ, pé kò sówó nídìí sáyẹ́ǹsì! Àgbà tó mọ̀ ọ́n jù láyé nígbà yẹn o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí jà níbi iṣẹ́, wọ́n lé e (mo fẹ́ràn ibi ìjà yẹn jù nínú ìtàn náà), àyè ṣí sílẹ̀, Davy rántí ọmọ tó di ìwé, wọ́n sì gbà á ní March. Ní 1831 ọmọ yẹn ló ṣàwárí ohun tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ dòní.

Torí náà ìmọ̀ràn àgbà lè má bá ẹ mu, kí àgbà náà ṣì wúlò fún ẹ. Davy ò purọ́, lóòótọ́ lówó ò sí níbẹ̀. Ó mọ kòtò ojú ọ̀nà, kò kàn mọ agbára ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni. Tí àgbà bá ní "má ṣe é," ẹ bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ, ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ìtàn yẹn ṣì ní ìrù, àwọn èèyàn kì í sì fẹ́ sọ ọ́. Ní 1824, nígbà tí wọ́n fẹ́ mú Faraday wọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ yẹn, Davy ló wà nípò ààrẹ, Davy yìí kan náà ló ta kò ó. Wọ́n ṣì mú un. Onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Kathy Kram, tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1983, ó wo orísìí 18, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú orísìí kọ̀ọ̀kan, ó ní ìpele mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbà: wọ́n á bẹ̀rẹ̀, á gbóná, wọ́n á yà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un dì lọ́nà míì, bí ọ̀rẹ́ tàbí bí ẹlẹgbẹ́. Ìpele kẹta yẹn ló máa ń dun èèyàn, ẹ óò rò pé wọ́n ti kórìíra yín tàbí pé ẹ̀yin lẹ di aláìmoore. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Èmi àti ọ̀gá mi yẹn ò bára wa sọ̀rọ̀ tó ọdún kan nígbà tí mo kúrò lábẹ́ wọn.

Ẹ má sì gbé gbogbo ẹrù yín lé ẹnì kan lórí. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ, bi àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Newton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts léèrè bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó ti ọwọ́ èèyàn rí i, nǹkan bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń rí ẹni yẹn déédéé, 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 28 ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i rárá. Ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó lójoojúmọ́, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lòun náà gbọ́. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tó ti lọ síbòmíì, òun ló mọ àyè tó ṣí níbẹ̀. Ẹ kí i.

Ọ̀rọ̀ CV ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ọdún 14 rèé tí mo ti wáṣẹ́ gbẹ̀yìn, tí mo bá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ CV lónìí, mo ti ṣe yín ní jàǹbá. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá ni kẹ́ ẹ lọ bá, bó tiẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Ẹ máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ń gbà yín nímọ̀ràn pé ìgbà wo ló ṣe nǹkan tó ń sọ yìí kẹ́yìn, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè o, àmọ́ ẹ béèrè. Nǹkan tó bá jẹ mọ́ ìwà èèyàn, bí ọ̀gá ṣe ń ronú, ìgbà tó yẹ kéèyàn gbẹ́rù ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè owó oṣù láìgbọ̀n, ìyẹn ò tíì gbó, ẹ lè bi mí.

Ẹ jẹ́ n mú yín wọ yàrá kan tí wọn ò ní pè yín sí. Ibẹ̀ la ti máa ń pinnu àwọn tí wọ́n máa gbé sókè. Mo ti jókòó síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ 14 wà lórí bébà, àyè mẹ́rin ló wà, ó ti rẹ gbogbo wa, a ti ń wo aago. Wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á ní "ta ló mọ̀ ọ́n?" Tí ẹnì kan bá ní "mo mọ̀ ọ́n, òun ló jókòó tì mí nígbà tí nǹkan dojú rú lóṣù kẹta, ohun báyìí ló ṣe," gbogbo orí á gbé sókè. Tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ẹnì kan á wúkọ́, á ní "ó ń ṣe dáadáa," wọ́n á ṣí ewé tó kàn. "Ó ń ṣe dáadáa," ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sin èèyàn nìyẹn. Ìmọ̀ràn dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣàpèjúwe iṣẹ́ yín ní ìlà méjì nínú yàrá yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn, kò sì lè ṣàpèjúwe ohun tí kò rí. Àkísà mi kan wà níbẹ̀ náà. Wọ́n ka orúkọ ọmọbìnrin kan lọ́dún kan, oṣù méjì la fi jọ ṣiṣẹ́, ó mọṣẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọdún yẹn ò parí tó fi kúrò lọ́dọ̀ wa, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, kò mọ̀ pé mo wà nínú yàrá yẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́ùn-ún, mo rí yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ dín "nígbà tiwa" kù jàre. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan béèrè nígbà tí mo parí pé, bí ọ̀gá òun bá jẹ́ irú ẹni tí kò gbà pé òun ṣàṣìṣe rí ńkọ́? Mo ní kó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó má wá àkísà níbẹ̀, ọ̀gá yẹn ò ní kó àkísà kankan jáde. Kó wá ẹni tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá yẹn láìpẹ́ yìí, kó fi nǹkan tútù pè é jókòó, kó ní "báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Gbogbo yàrá pa rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ọ̀gá ọ̀hún wà láàárín wa.

Nígbà tí mo fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́ kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn tiwọn ni. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ohùn wọn ṣì le. Wọ́n ní kí n kà á sétí àwọn, mo kà á, wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n ní kò burú. Wọ́n wá ní, "Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin lo fi dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni. O ò tún wọlé wá bá mi. Èmi ni mo pè ẹ́."